Epo Tí Yóò Gbé Ọ Dé Ìdígní

Àlàbí ọkọ mi, ọmọ tí mo pọ̀n sẹ́yìn lọ pọn omi nígbà ọ̀gbẹlẹ̀ Kétu,

Lẹ́tà rẹ tẹ̀ mí lọ́wọ́ lọ́sẹ̀ tó kọjá. Mo kà á tán, mo jókòó sórí àpótí, mo tún un kà. Ìwọ ni wọ́n kó mọ́tò ilé ìwòsàn Pọ̀bẹ́ lé lọ́wọ́! Ìwọ Àlàbí, tí mo ní kó lọ ra iyọ̀ wá, tó lọ dúró ń wo táyà kámíọ̀n títí ọbẹ̀ fi jiná láìníyọ̀! Mo pariwo débi pé bàbá rẹ sáré wá láti ẹ̀yìnkùlé pẹ̀lú ọkọ́ lọ́wọ́, ó rò pé ejò ni. Mo sọ fún un. Ó fi ọkọ́ lélẹ̀, ó ní, "Ọmọ tèmi? Mọ́tò dókítà?" Ó wá jókòó tì mí, àwa méjèèjì kàn ń wo ara wa. Háà, Ọlọ́run tóbi. Ìyanu yìí kò tíì tán lójú mi títí di bí mo ṣe ń kọ̀wé yìí.

Bàbá rẹ ń kí ọ. Ó ní kí n má kọ lẹ́tà gígùn, pé ọkùnrin tó ti gba ìwé ìwakọ̀ kò nílò kí obìnrin máa kọ́ ọ ní mọ́tò. Mo ní kó máa bá ẹ̀gẹ́ rẹ̀ lọ. Ẹni tó gbin ẹ̀gẹ́ ló mọ ẹ̀gẹ́, ẹni tó ta epo ló mọ epo. N kò ní kọ́ ọ bí a ṣe ń yí ọwọ́ mọ́tò o, ẹni tí kò gun kẹ̀kẹ́ rí kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ epo ni mo fẹ́ bá ọ sọ, ẹ̀sáńsì tí mọ́tò ń mu: bí o ṣe máa rọ ọ́ sínú tánkì, bí o ṣe máa ṣọ́ ọ, àti bí kò ṣe ní tán lọ́wọ́ rẹ lọ́jọ́ tí kò yẹ kó tán.

Má rò pé torí owó ni. Ìwọ kọ́ lo máa san owó epo náà, ìjọba ló ń san án. Torí Àbẹ̀kẹ́ ni. Ẹ̀gbọ́n rẹ ti tún lóyún. Ikùn rẹ̀ ti yọ dáadáa, ìgbà tí wọ́n bá ń kó àgbàdo wálé ní Ìdígní, ilé ọkọ rẹ̀, ni a ń retí ọmọ náà.

Nígbà tí ó kọ́kọ́ bímọ, ìwọ wà ní Àjàṣẹ́ níbi tí o ti ń kọ́ṣẹ́, a kò sì sọ gbogbo rẹ̀ fún ọ. Jẹ́ kí n sọ ọ́ wàyí. Láti àfẹ̀mọ́júmọ́ ló ti ń rọbí. Agbẹ̀bí tó ń tọ́jú wọn ní Ìdígní, ìyá àgbà tí ọwọ́ rẹ̀ mọ́ gan-an, ní ọ̀rọ̀ yìí ju òun lọ. Ọkọ Àbẹ̀kẹ́ gun kẹ̀kẹ́ wá sí Kétu, wọ́n tẹ wáyà sí Pọ̀bẹ́, mọ́tò sì dé lóòótọ́. Ó gbé mi lẹ́nu ọ̀nà, a lọ, a gbé Àbẹ̀kẹ́. Bí a ti ń padà bọ̀, a kò tíì dé Kétu, mọ́tò bẹ̀rẹ̀ sí wúkọ́. Ó wúkọ́, ó wúkọ́, ó dákẹ́ sáàárín igbó. Awakọ̀ tó wà níbẹ̀ ṣáájú rẹ bọ́ sílẹ̀, ó ki ọ̀pá bọ tánkì, ọ̀pá náà jáde ní gbígbẹ. Ó ti fi epo ilé ìwòsàn kó àgbàdo ẹnì kan láti Adakplamẹ̀ lọ sí Pọ̀bẹ́ lọ́sẹ̀ yẹn. Kò purọ́, òun fúnra rẹ̀ ló jẹ́wọ́ níwájú wa.

A gé igi, a so aṣọ mọ́ ọn, a fi gbé ẹ̀gbọ́n rẹ. Kí a tó dé Kétu, ọmọ náà ti wá sáyé. Kò ké. Ọkùnrin ni.

Àwọn ènìyàn wá kí wa. Wọ́n ní omi ló dànù, agbè kò fọ́. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn nítorí òótọ́ ni, Àbẹ̀kẹ́ wà láàyè. Ṣùgbọ́n Àlàbí, ní Kétu tiwa yìí, níbi tí obìnrin ti ń jí ní kùtùkùtù rìn jìnnà kó tó rí ìkòkò omi kan pọn, ta ni kì í sunkún omi tó dànù? Mo sunkún. Mo ṣì ń sun ún nígbà mìíràn tí bàbá rẹ bá ti lọ sóko.

Nísinsìnyí dókítà ti sọ pé ìbímọ tó ń bọ̀ yìí gbọ́dọ̀ ṣojú òun. Mo ní kí Àbẹ̀kẹ́ lọ máa gbé ní Pọ̀bẹ́ kí oṣù rẹ̀ tó pé, àwọn ará ilé ọkọ rẹ̀ kò gbà. Wọ́n ní àkọ́bí tí yóò yè nínú ilé àwọn kì í bẹ̀rẹ̀ ìrọbí rẹ̀ níta agboolé. Mo bẹ̀ wọ́n, mo bínú, mo tún bẹ̀ wọ́n. Ibi tí wọ́n gbà dé ni pé bó bá ti ń rọbí, kí mọ́tò wá gbé e. Ìgbà tí mo ń wá ohun tí mo tún lè ṣe ni lẹ́tà rẹ dé pé ìwọ ni awakọ̀ náà. Àlàbí, mo wólẹ̀ níbi tí mo wà. Ta ló ṣètò irú èyí bí kì í bá ṣe Ẹni tó dá wa?

Nítorí náà gbọ́ mi.

Ohun àkọ́kọ́: bẹ̀rù epo. N kò ní kí o sá fún un o. Irú ẹ̀rù tí a fi ń bọ̀wọ̀ fún ohun tó ju ni lọ ni mo ń wí. Nígbà tí mo wà lọ́mọge, kámíọ̀n kan dúró létí ọjà wa láti mu epo nínú garawa, àwa àti àwọn ọmọdé yí i ká. Awakọ̀ náà rí bí mo ṣe ń yọjú, ó ní kí n na ọwọ́, ó sì kán díẹ̀ sí mi látẹ́lẹwọ́. Ó tutù rìn-ìn bí omi àmù. Mo yíjú pé kí ìyá mi wá wò ó. Kí ìyá mi tó dé, kò sí mọ́. N kò dà á nù, n kò nù ún mọ́ aṣọ. Ọwọ́ mi gbẹ, òórùn rẹ̀ nìkan ló kù. Ìyá mi ní mo ń purọ́. Mo dúró ń wo ọwọ́ mi títí kámíọ̀n náà fi bú ramúramù tó sì lọ, tòun ti ẹrù tí ogún ọkùnrin kò lè gbé. Ohun tó parẹ́ lọ́wọ́ mi yẹn ló ń tì í lọ! Mo ti ta epo di arúgbó, ọ̀rọ̀ náà ṣì ń yà mí lẹ́nu. Ilẹ̀ tí kò fẹ́ fún wa lómi níbí, wọ́n ní nínú irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni òyìnbó ti ń fa nǹkan yìí jáde níbòmíràn.

Ìkejì: má ṣe fi ọgbọ́n omi tọ́jú epo. Èyí ni ibi tí gbogbo ará Kétu ti ń ṣìnà, torí omi ló kọ́ wa láti máa fi nǹkan pamọ́. Nígbà tí ìwọ ṣì ń rákò ni mo bẹ̀rẹ̀ sí ta epo. Epo àtùpà ni mo fi bẹ̀rẹ̀. Nígbà tó yá tí kámíọ̀n ń wá kó èkùrọ́ àti àgbàdo, mo fi ẹ̀sáńsì kún un. Rélùwéè ń gbé e dé Pọ̀bẹ́ nínú àgbá, a ó wá fi garawa gbé e wá sókè níbí. Ní ọjọ́ kan garawa mi méjì ń jò. Ìyá bàbá rẹ, kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere, obìnrin tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í bọ́ sílẹ̀ nínú agboolé yìí, ní kí n má dààmú. Ó ní, "Ohun tó bá tutù kì í tán. Da á sínú àmù mi tó wà lẹ́yìn ilé."

Àmù yẹn! Òun ló ń fi omi òjò pamọ́ títí di ìgbà tí òjò tún máa rọ̀. Gbogbo àdúgbò ló mọ̀ ọ́n. Mo da epo sí i, a fi ọpọ́n dé e, ìyá àgbà fọwọ́ gbá a, ó ní kò sí ibi tó ń lọ. Ní ọjọ́ kejì, òórùn ti gba agboolé. Ara àmù tutù yọ̀, ilẹ̀ abẹ́ rẹ̀ tutù, adìẹ kò sún mọ́ ibẹ̀. Ní ọjọ́ kẹta, ìyá àgbà ṣí ọpọ́n, ó wo inú rẹ̀, ó wo mi. "Ìyàwó, ta ló wá bù ú?" Mo ní kò sẹ́ni tó bù ú, màmá. Àmù ń làágùn, epo ń gba ara rẹ̀ sá jáde. Ó fi ọwọ́ kan ara àmù, ó gbóòórùn ọwọ́ rẹ̀, ó sì ṣe ohun tí n kò rí i ṣe rí: ó bú sẹ́rìn-ín. Ó ní, "Àmù tó di omi mú fún bàbá ọkọ mi kò lè di èyí mú! Irú nǹkan wo lò ń tà, ìyàwó?" Ó ní kí gbogbo ènìyàn pa iná ìdáná, a kò sì dáná nínú agboolé títí òórùn fi lọ. Àkàrà la rà jẹ. A kò tún lè tọ́jú omi sínú àmù náà mọ́ láé.

Ohun tó ń mú omi tutù nínú àmù, òun náà ló ń jẹ́ kí epo sá lọ. Torí náà, irin tó le, tí kò ní ihò, tí ìdérí rẹ̀ há, lo gbọ́dọ̀ fi tọ́jú epo, nínú òjìji. Wo ìdérí tánkì rẹ láràárọ̀. Awakọ̀ mìíràn á sọ ìdérí tirẹ̀ nù, á fi àkísà dí i, á wá máa sọ pé mọ́tò òun ń jẹun jù. Mọ́tò kọ́ ló ń jẹ ẹ́. Oòrùn ló ń jẹ ẹ́.

Ìkẹta, ìgbà tí o máa rọ epo. Àárọ̀ ni, kí oòrùn tó yọ, nígbà tí àgbá ṣì tutù. Epo a máa sùn ní òru, a máa wú ní ọ̀sán bí ìyẹ̀fun tí a fi ìwúkàrà sí. Èyí tí wọ́n bá wọ̀n fún ọ ní ọ̀sán gangan, afẹ́fẹ́ ń bẹ nínú rẹ̀ tí o kò rí. Èyí tí wọ́n bá wọ̀n láàárọ̀, ara rẹ̀ ló pé. Wọ́n lè sọ fún ọ pé kò sí ìyàtọ̀. Mo ti fi ìgò kan náà wọ̀n ọ́n nígbà méjèèjì, mo sì mọ ohun tí ojú mi rí.

Má sì jẹ́ kó kún dé ẹnu. Ṣé o rántí bí a ṣe ń fi ewé sórí omi tí a bá rù láti ọ̀nà jíjìn? O máa ń béèrè ìdí rẹ̀ lẹ́yìn mi. Kí omi má bàa máa fò jáde ni. Obìnrin tó bá bu omi kún ìkòkò dé ètè, omi tó máa gbé délé kò tó ti ẹni tó dín in kù, aṣọ rẹ̀ á sì tún rin gbindin. Bí tánkì ṣe rí nìyẹn. Bí o bá kún un láàárọ̀ títí dé ọrùn, tí oòrùn wá kanrí, á wú, á máa kán sójú ọ̀nà. Mo ti rí ipa rẹ̀ nílẹ̀ lẹ́yìn mọ́tò ọ̀gá kan láti Àjàṣẹ́, ó dúdú nínú eruku láti ẹnu ibodè dé ọjà. Ó ń yan, ó ń fi epo wọ́n ilẹ̀.

Ẹ̀kẹrin, ojú rẹ. Bí wọ́n bá ń wọn epo fún ọ, má ṣe yíjú síbòmíràn. Mo lọ sí Àjàṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan láti wo bí àwọn tó gbọ́n jù mí lọ ṣe ń tà á. Mo rí ẹ̀rọ kan níbẹ̀, Àlàbí, tó ga ju ènìyàn lọ, dígí méjì wà lórí rẹ̀. Ọkùnrin kan ń fi ọwọ́ fà á síwá sẹ́yìn, epo sì ń gòkè nínú dígí lójú gbogbo ayé, pupa fẹ́ẹ́rẹ́, ó ń dán. Bó bá kún dé ojú àmì, á rọ̀ wá sílẹ̀ sínú mọ́tò, dígí kejì á sì máa kún. Mo dúró níbẹ̀ títí ẹsẹ̀ fi ń ro mí. Mo ní, Olúwa, kí gbogbo ohun tí ènìyàn ń tà fún ara wọn rí báyìí, kí olùrà máa rí i láti òde! Ẹni tó ń fa ẹ̀rọ náà bi mí pé ṣé mo ní mọ́tò ni. Mo ní rárá, ojú ni mo fi ń mu ún.

Kò sí irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ lọ́dọ̀ yín ní Pọ̀bẹ́ lọ́hùn-ún. Garawa àti àgbá ni. Nítorí náà kí o mọ ìwà àwa tí a ń tà á. Bí a bá da epo láti òkè pẹ̀lú agbára, á hó bí ọṣẹ, olùrà á rò pé ó ti kún. Ní kí wọ́n dà á díẹ̀díẹ̀, kó rọra gba ara ìwọ̀n sọ̀ kalẹ̀, kí o sì dúró kí ìhó rẹ̀ kú kí o tó gbà pé ó pé. Yẹ ìdí ìwọ̀n wò, bóyá ó ti tẹ̀ wọnú. Bí o bá rí garawa tí ìdí rẹ̀ yọ sókè bí ìkúùkù, béèrè òmíràn. Má béèrè lọ́wọ́ mi bí mo ṣe mọ gbogbo èyí! Bàbá rẹ ń rẹ́rìn-ín níbi tó jókòó sí bí mo ṣe ń ka ibí yìí sókè.

Mo ti gbàgbé iye tí mo kà dé. Kò ṣe nǹkan, tẹ̀ lé mi.

Má ṣe bu epo nínú àgbá tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yí kúrò nínú rélùwéè. Ó ti mì, ìpẹtà àti omi ti dàpọ̀ mọ́ ọn. Jẹ́ kó sinmi dáadáa. Lẹ́yìn náà, sẹ́ ẹ. Bí a ṣe ń sẹ́ ògì lo máa sẹ́ ẹ, ṣùgbọ́n awọ rírọ̀ tí àwọn awakọ̀ ń lò ni kí o fi sí ẹnu àrọ tí o fi ń rọ ọ́, kì í ṣe aṣọ. Kọ́kọ́ fi epo rin awọ náà. Wàá rí i pé epo á kọjá, omi á dúró sókè, á kóra jọ róbótó, á máa wò ọ́. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo rí i, mo pe bàbá rẹ kó wá wò ó. Ohun méjì tó rí bákan náà lójú wa, awọ ẹran lásán mọ̀ wọ́n yàtọ̀! Omi tí a ń wá kiri ní Kétu, inú tánkì nìkan ni a kò ti fẹ́ rí i. Ẹ̀kán omi díẹ̀ lè dá mọ́tò dúró, gbogbo epo tó kù nínú rẹ̀ á sì di asán fún ẹni tó ń rọbí lẹ́yìn ọkọ̀.

Kí o tó jáde nígbàkigbà, ki ọ̀pá oparun gbígbẹ bọ tánkì, kí o wo ibi tó rin dé. Má gbọ́kàn lé ohun tí wọ́n bá sọ fún ọ, bó ti wù kí ẹni náà tóbi tó. Awakọ̀ ọjọ́sí yẹn gbọ́kàn lé ohun tó rò pé ó kù. Sàmì sí ọ̀pá náà, kí o sì fi sọ́kàn pé bí epo bá ti dé ojú àmì náà, ó ti tán nìyẹn, àyàfi fún ẹni tí ẹ̀mí rẹ̀ wà nínú ewu. Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí.

Ọ̀rọ̀ ẹrù ńkọ́? Èyí ló máa le jù fún ọ, torí ọmọ tó láàánú ni ọ́. Gbogbo ará Kétu á gbọ́ pé ọmọ wa ló ń wa mọ́tò dókítà. Wọ́n á dúró lẹ́bàá ọ̀nà. Ọ̀kan á ní apẹ̀rẹ̀ iṣu kan ṣoṣo ni òun ní. Òmíràn á ní ìbátan ìyá mi ni òun. Ìyàwó kan láti Kpankú tó ń ra epo àtùpà lọ́wọ́ mi ti bẹ̀rẹ̀ ná, ó ní, "Ìyá Àlàbí, àwa náà ti wá ní mọ́tò o!" Mo ní, "Ta ni ẹ̀yin?" Bí mọ́tò bá ṣe wúwo tó ló ń mu epo tó, pàápàá nínú iyanrìn wa yìí. Sọ fún wọn pé ìyá rẹ ló ní kí o má gbé wọn. Kí wọ́n wá bá mi jà. Ẹnu mi ṣì mú, wọ́n mọ ilé mi.

Bí ọ̀gá kan nínú ọ́fíìsì bá ní kí o bá òun kó nǹkan, ìyẹn tún yàtọ̀. Má ṣàfojúdi sí i. Sọ fún un tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ pé kí ó bá dókítà sọ ọ́, kí dókítà fi ẹnu ara rẹ̀ pàṣẹ fún ọ. Ọ̀pọ̀ wọn kò ní lọ.

Tí o bá sì ti wà lójú ọ̀nà, rọra. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ẹni tó ń tẹ̀ ẹ́ kíákíá tó tún ń dá a dúró lójijì, ó ń ra epo kan náà lẹ́ẹ̀mejì. Ṣùgbọ́n n kò mọ̀ ju ibẹ̀ lọ, ọwọ́ rẹ ni ti ìwakọ̀ wà.

Ó ku ọ̀rọ̀ kan, òun gan-an ló jẹ́ kí n jókòó kọ̀wé. Láti Pọ̀bẹ́ dé Ìdígní, kí o tún gbé Àbẹ̀kẹ́ padà dé Pọ̀bẹ́, ọ̀nà náà jìn. Bí oṣù bá ti ń parí, tí rélùwéè kò tíì dé, epo tí wọ́n fún yín lè má tó àlọ àti àbọ̀, bó ti wù kí o ṣọ́ ọ tó. Ilé mi ló wà láàárín ọ̀nà. Mo ti ya garawa epo kan sọ́tọ̀. Mo sẹ́ ẹ, mo tún un sẹ́, mo fi ìda dí ìdérí rẹ̀, mo gbé e sínú òjìji níbi tí iná kì í dé. Kì í ṣe fún títà. Ẹnì kan ti ní òun ó san ìlọ́po owó rẹ̀, mo ní kó máa lọ. Bàbá rẹ ní kí n bu díẹ̀ fún òun láti fi fọ ìpẹtà ara ọkọ́, mo kàn wò ó, ó sì fi iyanrìn fọ ọkọ́ rẹ̀.

Lọ́jọ́ tí wáyà bá dé ọ̀dọ̀ rẹ, gbéra. Bí o bá yọ sí Kétu, wàá bá mi níta. Pa ẹ́ńjìnì, ṣí tánkì. Má dọ̀bálẹ̀ fún mi. Má sọ pé ẹ kú ilé, màmá. Má béèrè bàbá rẹ, bó bá sì jáde sí ọ, má kí i. Mo ti bá a sọ ọ́, ó ní òun gbà. Ìkíni ni mo kọ́kọ́ kọ́ ọ láyé, mo sì nà ọ́ torí rẹ̀ kí o tó mọ̀ ọ́n. Lọ́jọ́ yẹn, mo tú ọ sílẹ̀. Ìwọ ni kí o gbé garawa, kí o máa dà á. Èmi ìyá rẹ ni n óò kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́tò, tí n óò di àrọ mú, kí ẹyọ ẹ̀kán kan má bọ́ sílẹ̀.

Ìyá rẹ ni,
ní Kétu.